Sídíì Tí Wọ́n Rì Mọ́nú Gàrí

Bàbá mi tí ń fi ohùn jí wa,

Àsàlámù àlékùn. Èmi ni, ọmọ yín tó wà ní Padova, nílẹ̀ Italy. Mo mọ̀ pé lẹ́tà kì í dé ibi tí ẹ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ wà láyé náà, ojú máa ń tì mí láti bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà mọ̀. Tí mo bá ní nǹkan í sọ, màá gbé omi àlùwàlá yín wá, màá wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà ilé, títí ẹ ó fi bi mí pé kí ló dé. Ẹ jẹ́ kí n tún dúró bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ara mi le. Ọkọ mi ń tọ́jú mi. Magazzino ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí, ó sì máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Yàrá kan la ní, àwa àti tọkọtaya ará Gánà kan la jọ ń lo ilé ìdáná. Àwọn tó ti pẹ́ níbí ní kí n má ráhùn, pé ká ní mo bá àdúgbò Via Anelli nígbà tí wọ́n mọ ògiri yí àwọn èèyàn ká níbẹ̀ ni, màá mọ̀ pé ààfin ni mo wà. Mo ń dúpẹ́. Mo ti lè ra búrẹ́dì láìnàka sí i.

Ọ̀rọ̀ àdúrà yín ni mo bá wá.

Ẹ rántí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló dúró fún un lọ́jọ́ yìgì, torí kò ráyè wálé. Ohùn ọkọ mi nìkan lẹ mọ̀, lórí fóònù, tí ẹ máa ń pariwo mọ́ ọn bí ẹni tó wà lódìkejì odò. Gbogbo ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ẹ gbé ọwọ́ lé lórí lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ gbàdúrà fún kí wọ́n tó lọ ilé ọkọ. Èmi náà ń retí tèmi. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ ni wọ́n sáré gbé yín lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ òfuurufú ò sì lè dúró. Bí mo ṣe jáde nìyẹn, ìyá mi nìkan ló ṣe àdúrà. Ìyàwó tí bàbá rẹ̀ wà láyé, tó jáde nílé láìgba àdúrà lẹ́nu bàbá rẹ̀, ta ló tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí ní agboolé wa?

Nígbà tí ara yín yá díẹ̀, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ gbàdúrà fún mi lórí fóònù. Ẹ kọ̀. Ẹ ní nǹkan tó máa ń já láàárín àmín kọ́ ni a fi ń sin ọmọ lọ ilé ọkọ. Ẹ wá pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn níwájú mọ́ṣáláṣí, ó fi kámẹ́rà rẹ̀ ya fídíò yín, ó sì kó o sórí sídíì. Irú sídíì tó fi ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, torí kọ̀ǹpútà lè kú nígbàkígbà. Ó ṣeé pa rẹ́, ó ṣeé tún kọ. Bíi wàláà tí ẹ fi ń kọ́ wa ní kéú: a fọ ti àná, a kọ ti òní. Ó jọ pé ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n ó ti fọ wàláà yẹn láìmọye ìgbà kó tó kàn yín, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé wàláà bẹ́ẹ̀ máa ń gbó. Nígbà tó yá, ó nu tinú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò kí àyè lè wà. Ó ṣáà ti wà lórí sídíì.

A ò tíì rí ẹni tó ń bọ̀ ní Italy tó máa mú un wá tí ẹ fi lọ. Permesso mi, ìwé tí mo fi lè jáde kí n sì padà wọlé, kò tíì jáde. Wọ́n ti sin yín kí ẹkún mi tó rọlẹ̀. Ta ló pe ìrun lọ́jọ́ yẹn, Bàbá? Mi ò tíì lè bi ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi wá rí èrò ọ̀nà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń rì ẹyin mọ́nú gàrí kó má baà fọ́ lọ́nà. Ohun tó ń gba ẹyin là, ìyá mi rò pé á gba sídíì náà là. Kò fi ọ̀rá wé e. Ó tì í bọ àárín gàrí Ìjẹ̀bú, ó so ẹnu àpò náà pinpin. Láti Ìṣẹ́yìn dé Èkó, láti Èkó dé ibí, gàrí ń ha á. Nígbà tí mo yọ ọ́, ojú tó yẹ kó máa dán ti dà bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi yanrìn fọ̀. Mi ò sọ fún ìyá mi. Mo ní ó ti dé, mo ní ẹ ṣeun.

A fi sínú láptọ́ọ̀pù ọkọ mi. Ó kùn, ó dákẹ́, ó tún kùn. Ọ̀rọ̀ kan wá yọ lójú ẹ̀rọ náà. Ọkọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ó ní sídíì yìí ṣófo, ṣé kí òun tún un ṣe fún nǹkan tuntun? Ọkọ mi rò pé bí òun bá gbà, sídíì á ṣí. Ìka rẹ̀ ti ń lọ síbẹ̀. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀, èmi kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

“Ẹ má tẹ̀ ẹ́,” ni mo wí. “Ẹ máa fọ Bàbá mi nù.”

Ó kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Nígbà tó yá, ó ní òun ò mọ̀ pé mo lágbára tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Oríṣiríṣi ìmọ̀ràn la gbà. Ẹnì kan ní ká fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Òmíràn ní ká gbé e sínú fíríìjì. Èmi ti fi ìró mi nù ún yíká bí ẹni ń nu abọ́, kí wọ́n tó sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, láti ojú ihò àárín ni wọ́n ń nù ún bọ̀ wá sétí.

A wá wọ ọkọ̀ ojúrin lọ sí Torino, sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mùfútàù, ọmọ Ọ̀yọ́ tó kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ibẹ̀, tó sì ń fi ṣiṣẹ́ jẹun. Kùrukùru bo gbogbo ọ̀nà. Ní agbègbè Novara, ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn, Bàbá, òyìnbó ń gbin ìrẹsì. Ẹ̀gbọ́n gba sídíì náà, wọ́n wò ó, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti rí èyí tó jábọ́, àwọn ti rí èyí tí ọmọ ge jẹ, ṣùgbọ́n èyí tó ń run gàrí, ó ku ṣúgà àti ẹ̀pà. Ìyàwó wọn ní kí wọ́n máa ṣe jẹ́jẹ́, ohùn òkú ni. Wọ́n tọrọ àforíjì.

Wọ́n fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n nù ún bó ṣe yẹ. Kọ̀ǹpútà wọn tuntun kò rí i rárá. Wọ́n lọ gbé ògbólógbòó kan jáde, wọ́n ní àwọn àtijọ́ ní sùúrù fún irú sídíì yìí, wọ́n sì mú kó máa yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ṣí. Mo rí orúkọ mi níbẹ̀.

Wọ́n ní ká má tíì wò ó. Wọ́n ní gàrí ti ha á, ó ti gbó, ẹni tó kọ ọ́ kò sì pa á dé dáadáa, ó lè má tún ṣí mọ́. Ká kọ́kọ́ da ohun tó bá ṣeé dà kọ sínú kọ̀ǹpútà. A jókòó tì í títí oòrùn fi ń wọ̀. Ó dé ibì kan, ó dúró. Láti ìgbà náà, kò sí ẹ̀rọ tó tún rí sídíì yẹn mọ́.

Ohun tó jáde kò pọ̀. Ẹ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí. Ẹ wúkọ́ díẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ẹ tó pe ìrun. Ẹ ti gbẹ, Bàbá, mi ò mọ̀ pé ẹ gbẹ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kí mi, ẹ pe orúkọ mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ sọ pé:

“Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń jẹ́ kí o sùn?”

Àwòrán náà dúró síbẹ̀. Ẹnu yín ti pa dé, ojú yín ń wò wá, bí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ tó ń retí èsì. Mo rò pé ẹ máa tẹ̀ síwájú. Ẹ̀gbọ́n ní ó parí.

Ọkọ mi dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì níwájú kọ̀ǹpútà, ẹni tí kò rí yín sójú rí.

“Bàbá, mo ti ra kóòtù fún un.”

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ògiri.

Èmi ò lè fèsì. Ojú tì mí, pé èèyàn wà níbẹ̀.

Àdúrà náà kò jáde, Bàbá. Mi ò ní purọ́ fún yín. Kí lẹ bá mi bẹ Ọlọ́run fún? Ọmọ? Ẹ̀mí gígùn? Kí n padà wálé? Ṣé inú yín dùn sí lílọ tí mo lọ nígbà tí ẹ wà lórí àìsàn? Ọkọ mi ní bàbá tó ń béèrè òtútù kò bínú. Lọ́jọ́ mìíràn mo gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, tó bá ti lọ síbi iṣẹ́ tó ku èmi nìkan, mi ò gbà á gbọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ sì ń retí.

Òtútù ibí le. Ó ń wọ eegun. Ṣùgbọ́n mo ń sùn, Bàbá. Ẹ̀yin náà, ẹ sùn.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò dákẹ́ mọ́.