Ọ̀gá Tútù: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Tó Fẹ́ràn Àwọn Ẹgbẹ́ Olórin Tí Kò Sí

Ní ọdún 1949, nínú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, ni a bí bàbá wa, olóògbé tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ọ̀gá Tútù. Àwọn ni ọmọ kejì nínú ọmọ mẹ́rin. Bàbá tó bí wọn ni ó máa ń fọn fèrè kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra. Ìyá wọn jẹ́ alágbàfọ̀ ní ilé ìwòsàn. Aṣọ funfun nìkan ni ìyá yìí ń fọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì máa ń sọ pé bí òun bá kú, aṣọ aláwọ̀ mèremère ni kí wọ́n fi sin òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe. Ìdílé òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ìdílé olórin. Kò sẹ́ni tó mọ orin kọ nínú wa, láti orí bàbá àgbà títí dé orí àwa tí à ń kọ ìtàn yìí.

Kò sí rédíò nílé wọn nígbà náà. Aránṣọ tó ń gbé ní yàrá kejì ló ní rédíò, ògiri ni bàbá wa sì ti ń gbọ́ ọ. Aránṣọ yìí kórìíra ọ̀rọ̀ sísọ. Bí orin bá ti parí, tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fẹ́ dárúkọ àwọn tó kọ ọ́, yóò pa rédíò rẹ̀ pii. Báyìí ni bàbá wa ṣe ń gbọ́ orin lóríṣiríṣi láìmọ ẹni tó ni ín. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin bi wọ́n léèrè pé, “Ta ló kọ ìyẹn?” Bàbá wa ní, “Ẹgbẹ́ Ewúrẹ́ Já Okùn.” Ẹ̀gbọ́n ní, “Irú orin wo ni wọ́n ń pe ìyẹn?” Wọ́n ní, “Orin ẹ-dì-í-mú.” Láti ọjọ́ náà, kò sí orin tó gba ara ògiri kọjá tí kò ní olówó orí. Ẹ̀gbọ́n wọn yìí wà láàárín wa lónìí. Màmá àgbà yìí ní àwọn ò gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí àwọn ò béèrè.

Bàbá wa bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ fíríjì títúnṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó le bí ojú ẹja. Ní ọdún 1972, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn sí iwájú ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oníbúrẹ́dì. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù náà yóò rí ilẹ̀kùn fíríjì tó fẹ̀yìn ti ògiri bí àwọn èèyàn tó ń dúró de ọkọ̀, àgbá gáàsì lábẹ́ tábìlì, àti bẹ́ǹṣì kan tí àwọn tí kò ní fíríjì rárá máa ń jókòó lé. Kí bàbá wa tó fọwọ́ kan fíríjì, wọ́n á kọ́kọ́ fi etí lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbà pé gbogbo fíríjì ló ní irú orin tó ń kọ. Apoògùn àdúgbò, tí tirẹ̀ ti ń hanrun láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bi wọ́n pé, “Ọ̀gá Tútù, ṣé á yè?” Bàbá dáhùn pé, “Á yè. Orin ìkùnsínú ló ń kọ. Ẹ jẹ́ kó máa kùn. Bó bá bọ́ sí orin mo-ti-gbà-fún-Ọlọ́run, ẹ sáré wá pè mí.” Fíríjì náà yè.

Ní ọdún 1975, eyín ẹ̀yìn kan mú bàbá wa dé ilé ìwòsàn eyín. Àwọn aláìsàn tò sórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kálukú wú, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Bàbá wa kò lè fara da ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n kọjú sí ọkùnrin tó jókòó tì wọ́n, wọ́n ní kí dókítà jọ̀wọ́ tètè ṣe é, nítorí àwọn fẹ́ lọ gbọ́ orin Ẹgbẹ́ Afunfèrè Aláìléyín. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó fi aṣọ ìnujú di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì ló dáhùn.

Ó ní, “Ẹ má wulẹ̀ yọra yín lẹ́nu. Ẹgbẹ́ yẹn ti tú ká.”

Bàbá ní, “Kí ló tú wọn ká?”

Ó ní, “Ọ̀kan nínú wọn lọ ṣe eyín sẹ́nu. Àwọn yòókù ní ó ti dalẹ̀.”

Bàbá wa máa ń sọ pé kò tíì pẹ́ ìṣẹ́jú kan tí àwọn dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn, obìnrin yìí sì ti mọ ohun tó tú u. Wọ́n ní ojú ẹsẹ̀ ni oró eyín náà rọlẹ̀. Ìyá wa ní irọ́ ni, abẹ́rẹ́ dókítà ló mú un rọlẹ̀.

Bàbá wa àti ọ̀dọ́bìnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn ṣègbéyàwó ní ọdún 1977. Ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni ìyá wa ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń so ìpè tẹlifóònù mọ́ ara wọn. Ohùn wọn ni wọ́n fi ń jẹun. Àwọn tó ń pè láti ọ̀nà jíjìn mọ ohùn náà, wọn ò mọ ojú tó ni ín. Nínú ilé, ẹgbẹ́ olórin méjì ló wà. Bàbá wa jẹ́ olólùfẹ́ Ẹgbẹ́ Wọ́n-ń-Bọ̀, tí wọ́n ń kọ orin ọ̀nà. Orin ọ̀nà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn olórin bá gbéra nílé wọn, ó sì máa ń parí kí wọ́n tó dé ibi tí èrò ti ń dúró dè wọ́n. Bàbá ní kò sí orin tó dà bí i rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ àṣìṣe kankan nínú rẹ̀ rí. Ìyá wa kò gbà. Ti Ìyá Àgbà Onígìtá àti Àwọn Àna Rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Orin ẹjọ́ ni ti àwọn yẹn. Ìyá Àgbà á kọ ẹsẹ kan, àna kan á ní kì í ṣe bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, wọ́n á tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe. Ẹ̀bẹ̀ àwọn alárinà ló kún ojú kejì rẹ̀. Àwọn àlejò tó bá bá wa jẹun alẹ́ máa ń rò pé àwọn òbí wa ń jà. Orin ni wọ́n ń sọ.

Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Ní ọdún 1986, olùkọ́ ní kí àkọ́bí wa obìnrin dìde kó sọ nípa olórin tó fẹ́ràn. Ó sọ ti Ìyá Àgbà Onígìtá, ó sọ bí àna àgbà ṣe fi ìbínú jókòó lórí ìlù tí ìlù fi fọ́. Wọ́n ní ó ń purọ́, wọ́n ní kó kúnlẹ̀. Bàbá wa wọ ṣẹ́ẹ̀tì ìsìn lọ sí ilé ìwé náà. Wọ́n sọ fún olùkọ́ pé, “Ẹ má bínú, ma. Ẹgbẹ́ yẹn ò sí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò sọ fún pé nǹkan ò sí, tó wá ní ó wà, ìyẹn ò purọ́. Àwa àgbà la ò sọ fún un.” Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ náà ń sunkún. Bàbá jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n sì ń ka àwọn ẹgbẹ́ náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan pé kò sí, kò sí. Ọmọ ní, “Ìyá Àgbà Onígìtá ńkọ́?” Bàbá ní, “Ìyẹn náà ò sí.” Ìyá wa gbé ohùn sókè láti ilé ìdáná: “Tiyín ni ò sí. Tèmi wà.” Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Bàbá wa jẹ́ onígbàgbọ́ tí kì í pa ìsìn jẹ. Wọ́n fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀gá akọrin fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa la ẹnu nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí wọ́n kúkú máa fi ìjókòó han èrò. Iṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe títí ọjọ́ alẹ́.

Ní ti àdúgbò, a kò lè gbàgbé ọdún 1993, tí wọ́n fẹ́ tan iná òpópónà wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Alága àdúgbò, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìròyìn Ẹgbẹ́ Wọ́n-ń-Bọ̀ lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù. Ó wá bẹ bàbá wa pé kí wọ́n bá òun mú wọn wá. Bàbá ní, “Alága, ẹgbẹ́ yẹn kì í dé.” Alága ní, “Gbogbo wọn náà ló ń pẹ́, Ọ̀gá Tútù. Ẹ ṣáà ti sọ fún wọn.” Bàbá ní, “Wọn ò sí, alága.” Alága ní, “Bí wọn ò bá sí nílé, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ dè wọ́n.” Nígbà tí ọjọ́ pé, èrò jókòó, alága ń dìde lóòrèkóòrè láti kéde pé wọ́n ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ kí ọkọ̀ kan tó fun fèrè lọ́nà jíjìn réré. Àwọn ará bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́, gbogbo èrò tẹ̀ lé wọn, iná sì tàn. Títí alága náà fi kó lọ, ó ń sọ fún èèyàn pé òun gbọ́ ẹgbẹ́ náà lójúkojú.

Ní ọdún 2011, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá wa. Apá ọ̀tún wọn kò gbé mọ́. Èyí tó dun ilé wa jù ni pé ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wọn mọ́. Dókítà ní kí a máa bá wọn sọ ohun tí wọ́n mọ̀, kó má sì sú wa. Ọ̀sán ọ̀sán ni bàbá wa ń ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé àpótí ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, wọ́n á máa sọ ti ọmọ, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti oníbúrẹ́dì. Ògiri ni ìyá wa ń wò. Nígbà tí bàbá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ olórin, ọ̀kan nínú wa, tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, bẹ̀ wọ́n. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi àwàdà sílẹ̀ ná. Inú àìsàn la wà yìí.” Bàbá ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ orin tán nílé wa. Ilé náà pa rọ́rọ́, bàbá wa sì ń rù.

Oṣù ń gorí oṣù. Ní ọ̀sán kan, nọ́ọ̀sì tó máa ń wá na apá ìyá wa wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń kọ orin lábẹ́ ètè, ó sì bi bàbá bóyá wọ́n máa ń gbọ́ orin nílé. Bàbá ní àwọn máa ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó àwọn jẹ́ olólùfẹ́ ìyá àgbà kan tó ń ta gìtá, tòun ti àwọn àna rẹ̀ mẹ́ta. Ìyá wa yí ojú kúrò lára ògiri. Ẹnu wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì rò pé nǹkan há wọn lọ́fun, ó sáré gbé wọn dìde.

Ìyá wa ní, “Mẹ́... mẹ́rin.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Mẹ́rin kí ni, màmá?”

Bàbá wa ló dáhùn. Wọ́n ní, “Àna ni. Mẹ́rin ni wọ́n. Èmi ni mo ṣì í kà.”

Ẹ̀yìn ìyẹn ni bàbá wa pè wá lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹkún ni wọ́n ń sun; a kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Nígbà tó yá, a bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kà ni. Wọn ò sọ. Ohun tí a mọ̀ ni pé láti ọjọ́ kejì, bàbá wa kò sọ òótọ́ kan nípa ẹgbẹ́ náà mọ́. Wọ́n á ní fèrè ni Ìyá Àgbà ń fọn. Ìyá wa á ní, “Gìtá.” Wọ́n á ní àwọn àna ti parí ìjà. Ìyá wa á ní, “Láéláé.” Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa náà jókòó tì wọ́n, ó ń bá wọn parọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń padà. Àwọn kan ò padà mọ́. Títí dòní, ìyá wa kò lè pe “tẹlifóònù”. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bá wa wí dáadáa.

Ní ọdún 2022, ọkàn bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àárẹ̀. Wọ́n fa ṣọ́ọ̀bù lé àwọn ọmọṣẹ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì jókòó sílé ti ìyá wa. Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n sùn lórí àga, tí wọn kò jí mọ́. Wọ́n jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

Àwọn tó gbẹ̀yìn olóògbé ni ìyàwó wọn, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ọmọ mẹ́ta: agbẹ̀bí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti ayàwòrán, ọmọ-ọmọ méje, pẹ̀lú àwọn ọmọṣẹ́ tí wọ́n ti di ọ̀gá láyè ara wọn.

Nígbà tí a kọ ìtàn yìí dé ìparí, a kà á sí ìyá wa létí. Wọ́n tún ibi méjì ṣe. A wá bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn alára fẹ́ kí a kọ kẹ́yìn. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ náà títí, a sì dúró dè wọ́n. Wọ́n ní, “Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀... pé èmi àti bàbá yín... a ò tíì sọ̀rọ̀ tán.”

A ti kọ ọ́. Ẹ sùn ire, bàbá wa. Kí Ẹlẹ́dàá tó rán yín wá fi ọ̀yàyà gbà yín padà, kí ó sì máa bá wa tọ́jú ẹni tí ẹ fi sílẹ̀. Àmín.