Orílẹ̀-Èdè Kìíní Ti Bá Èkejì Parí Ìjà

Topo, òdìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì

Sewanu ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọ̀sà tó tọ́ wa dàgbà kò ní gbé ògo rẹ lọ, ìwé tí ò ń kà kò ní já sí asán, ayọ̀ ni wàá fi kà á parí. Àmín. Ara ìyá rẹ le. Òun ló ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé tí èéfín fi ń kó sí mi lójú bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ọpẹ́ ni mo wá dá. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ, níbi tí o ti ṣàlàyé tíọ́rì inú ẹ̀kọ́ másítà rẹ nípa àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè, mo gbọ́ ọ, mo sì tún un gbọ́. O ní orílẹ̀-èdè méjì múlé ti ara wọn, kò sì sí ọlọ́pàá kankan lórí wọn. Ẹ̀rù ń ba ti àkọ́kọ́, ló bá ra ohun ìjà láti fi ṣọ́ ilé rẹ̀. Èkejì rí i, ó rò pé òun ni wọ́n fẹ́ bá jà, òun náà ra tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rà á títí ìjà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fi bẹ́ sílẹ̀.

Ọmọ mi, òógùn bò mí. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ èmi àti Akíndé fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yín? O mọ̀ pé àkájà mi, àwọn ẹ̀ka igi tí mo rì mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà kí ẹja lè fi ṣe ilé, kò jìnnà sí tirẹ̀. Lọ́dún yìí mo ra tọ́ọ̀ṣì gígùn láti fi ṣọ́ tèmi. Akíndé ra ajá. Mo pe àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ wá láti Ikoga, òun náà pe àwọn àna rẹ̀ láti Apa, tàdátàdá. Ọjọ́ tí a máa ṣí àkájà láti kó ẹja inú rẹ̀ la ń dúró dè. Bẹ́ẹ̀, n kò fẹ́ ẹja rẹ̀ o, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Mo dúpẹ́ pé wọn kò dárúkọ wa nínú ìwé; ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Èmi ni Orílẹ̀-èdè Kìíní, torí èmi ni àgbà.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ, mo tukọ̀ lọ bá Akíndé, mo sọ fún un pé a ti wọ ìwé ní yunifásítì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọtí tí mo mu ti pọ̀. Mo ní kó gbọ́ ohùn rẹ. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ó jókòó. Ó bi mí pé kí ni ìwé náà sọ pé ó gbẹ̀yìn wa. Mo ní a jà, àwa méjèèjì sì pàdánù. Ó wá béèrè bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n náà mọ̀ pé ajá òun kò léyín.

Lánàá la jọ ṣí àkájà méjèèjì, tirẹ̀ la fi ṣáájú. Àwọn ará Ikoga àti Apa jọ fa àwọ̀n, àdá tí wọ́n kó wá ni wọ́n fi gé igi tuntun fún wa.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra okùn àwọ̀n. Tèmi ti já, ti Akíndé la lò. Epìyà ńlá tó wà lókè apẹ̀rẹ̀ ẹja tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí, ti ọ̀jọ̀gbọ́n yín ni, Akíndé ló ní kí n fi ránṣẹ́ sí i. Bá wa bẹ̀ ẹ́ kó tètè tún ìparí ìwé náà kọ kí ìdánwò tó dé, kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ má baà kọ ọ́ pé a jà, kí wọ́n fìdí rẹmi.

Ọlọ́run tó fi ẹ̀kọ́ rẹ kó wa yọ kò ní jẹ́ kí ìwọ náà rí ìjà tí o kò fẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Orílẹ̀-èdè Kìíní.