Ojú Ewé Tí Késárì Kò Kà

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹrin 2025

Díákónì Ọláfimíhàn ti kàwé. A gbé! Kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ ní Róòmù, ìjọ wa ò tún ní sinmi mọ́. Lẹ́yìn ìsìn, ó pe ìgbìmọ̀ ìrìbọmi jọ — òun, Pásítọ̀ Adégbénró, èmi akọ̀wé. Ó ní ní Róòmù, wọn kì í ṣàdédé ri èèyàn bọmi. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó ń jà títí dójú ikú kí ará ìlú lè máa pàtẹ́wọ́, kó fi í sílẹ̀ tàbí kó máa lọ. Ẹni tó ń gbẹ́ òrìṣà, bẹ́ẹ̀ náà. Awòràwọ̀, eléré orí ìtàgé, ẹni tó ń kó aṣẹ́wó jọ — kí wọ́n jáwọ́ tàbí kí wọ́n gba ilé wọn lọ. Ó ní ohun tó yí Róòmù padà nìyẹn.

Ló bá yọ list tiẹ̀ síta. Ti Atlanta. Ojú ewé kan gbáko, ó ti laminate ẹ̀.

Láti òní lọ, Késárì ni màá máa pè é níbí. Realtor ni, ó ń bá èèyàn ta ilé ní Ellenwood. Ilé tí omi ń wọ̀ lọ́dọọdún, "lakeside" ló ń pè é fún àwọn oníbàárà. Mo wá realtor nínú list náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Kẹrin

Rárá mọ́kànlélógójì lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì nìyẹn: dókítà á tọrọ nǹkan fún aláìsàn, èmi á wo ìwé òfin, màá tẹ ọ̀kan nínú méjèèjì.

Orúkọ Yorùbá kan wà láàárín wọn — Ọlálékan, J., Ellenwood, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ẹ̀rọ ọ́síjìn ni dókítà ń tọrọ fún un. Òfin ní kí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wálẹ̀ dé méjìdínláàádọ́rùn-ún ká tó gbà. Tiẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n ń dá a padà wá. Ọmọ Yorùbá ò kúkú ń gbọ́ rárá lẹ́ẹ̀kan. Rárá.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Karùn-ún

Kíláàsì ìrìbọmi. Késárì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, orí Rachael ló sì ti kọ́kọ́ bọ́ sí. Ọmọ náà dé láti Òṣogbo lọ́dún tó kọjá, ó ń lọ school lọ́sàn-án. Késárì béèrè iṣẹ́ ẹ̀. "Ọtí ni mo ń tà, sà. Ní liquor store kan ní Norcross." Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ṣé kò lè sọ pé "retail" bíi ti gbogbo ayé ni?

Késárì ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní sí ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ kejìdínlógún. Bẹ́ẹ̀ ìyá ọmọ náà wá láti ilé kí ó lè fojú ara ẹ̀ rí i ni, ogúnjọ́ ló sì ń padà. Lọ́jọ́ orí ìyá yẹn, ta ló mọ̀ bóyá ó tún lè wá? Rachael ní, "Ẹ bá mi wá iṣẹ́ mìíràn, sà, màá fi èyí sílẹ̀ lọ́la." Késárì ní Ọlọ́run á pèsè. Ohun tí ẹni tí ò ní ṣe nǹkan kan máa ń sọ nìyẹn.

Pásítọ̀ wúkọ́. Ìgbàkígbà tó bá yẹ kó sọ̀rọ̀ ni ikọ́ ń gbé e.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Karùn-ún

List ti gùn sí i. Brother Israel tó ń fi ìbọn ṣọ́ àgbàlá reluwé ní Austell ti kúrò nínú akọrin. Ẹni tó ń fi mọ́tò gbé ọ̀mùtí lọ sílé, àfi kó ronú pìwà dà. Ká ní Jésù wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Késárì á ní kó wá ṣàlàyé ara ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Kánà. Ọkùnrin yìí fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Karùn-ún

Rárá mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọrùn ń dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Karùn-ún

Mo rí i! Mo lọ wá ohun tí Késárì kà, mo sì kà á fúnra mi. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ojú ewé kìíní ni bàbá ti ṣíwọ́. Ojú ewé kejì ní tí ọjọ́ ìrìbọmi bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú onítọ̀hún wá: ṣé ó bọ̀wọ̀ fún àwọn opó? Ṣé ó bẹ aláìsàn wò? Ṣé ó ṣoore?

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ Pásítọ̀ fi ràn mí. Mo fi í sórí WhatsApp ìgbìmọ̀: "Ẹ jẹ́ ká ṣe é pé, Díákónì wa. Kí olúkúlùkù mú ẹlẹ́rìí wá, títí kan àwa ìgbìmọ̀." Wọ́n kà á. Ó pẹ́ kí Pásítọ̀ tó kọ "Àmín."

Opó wo ni yóò jẹ́rìí fún Késárì? Àfi èyí tó ta "lakeside" fún.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Karùn-ún

Rachael pè. "Aunty Edith, mo ti rí ẹlẹ́rìí." Ìyá àgbà kan tó máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ school. Mo ní kó gbé e wá lọ́jọ́ Sunday. Ojú Késárì ni mo fẹ́ wò.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Karùn-ún

N óò kọ ọ́ bó ṣe rí.

Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, Rachael ti ìyá náà wọ ọ́fíìsì Pásítọ̀ lórí wheelchair. Ìgò ọ́síjìn kékeré lórí itan wọn, rọ́bà nímú wọn. Mo mú ìwé, mo béèrè orúkọ. Joanna Ọlálékan. Ellenwood. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń rí i lẹ́nu iṣẹ́: Ọlálékan, J.

Wọ́n ní ọdún kẹta rèé tí ọkọ àwọn ti kú. Rachael ló ń wẹ àwọn, òun ló ń po ògì fún àwọn. Ìgò yẹn pàápàá, òun ló lọ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan tí bàbá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Kì í pẹ́ tán, ìdí nìyẹn tí àwọn kì í fi í jáde. "Àwọn ará ọ́fíìsì kan ló ń kọ rárá sí mi, ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n ní mo ṣì ń mí dáadáa jù." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run foríjì mí, mo rẹ́rìn-ín.

Màmá wá ní àwọn máa ń gbàdúrà fún ẹni tó ń kọ ọ́. Bóyá ọ̀gá ẹ̀ ló ń ni ín lára.

Ojú tì mí débi pé mi ò rántí wo ojú Késárì. Pákúté tí mo dẹ sílẹ̀ fún un, èmi ló mú.

Wọ́n ri Rachael bọmi. Ìyá ẹ̀ sunkún, ó jó, ó tún sunkún. List wà nínú báàgì Késárì, kò yọ ọ́. Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ pín fọ́ọ̀mù fún àwa ìgbìmọ̀: iṣẹ́ rẹ, opó, aláìsàn, ẹlẹ́rìí. Kò wúkọ́ rárá. Mo kọ "health care" síbi iṣẹ́, mo sì fi nǹkan pa á rẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Karùn-ún

Aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọlálékan, J. Ẹ̀ẹ̀kẹrin. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún síbẹ̀. Mo wo ìwé òfin, ìwé òfin ò yí padà. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Aago méjì, email supervisor dé: kí n wá rí òun lọ́la, aago mẹ́sàn-án, kí n wá ṣàlàyé. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ọmọ mi méjì wà ní college. Olúkúlùkù sì ní Késárì tiẹ̀.

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù mi. Opó: ọ̀kan, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́rìí: kò tíì sí. Iṣẹ́: a ó mọ̀ lọ́la.