Sọ́rì Mẹ́ta Tí O Fi Ránṣẹ́

Nusirat ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé rẹ, mo kí gbogbo Ìkòsì àti Kétu lápapọ̀. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ẹni tó ń rìn àti ẹni tó jókòó. Ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, ẹsẹ̀ mi tó wú nígbà tí mo ṣubú lọ́nà odò sì ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nítorí ẹsẹ̀ yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé, fara balẹ̀ kà á. Lọ́jọ́ tí Ràímì ẹ̀gbọ́n rẹ pè ọ́ pé mo ṣubú, ohun tó o kọ wá sórí fóònù ni sọ́rì, sọ́rì, sọ́rì. Mo gbé e lọ bá Tíṣà Ṣóbọ̀wálé tó ti fẹ̀yìn tì, ó ní ohun tí ẹni tó ṣẹni ń sọ nìyẹn lédè Òyìnbó, tó bá ti kábàámọ̀. Àyà mi já. Ìwọ ń ta tòmátì ní Mile 12, èmi wà ní Ìgànnà, báwo lọ́wọ́ rẹ ṣe dé ìdí ìṣubú mi?

Mo ronú títí, mo wá rántí bàtà oníke tó o rà fún mi lọ́dún Iléyá. Òun ló wà lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ náà! Mo yí i dà, abẹ́ rẹ̀ ń dán bí orí apárí. Mo ní háà, ọmọ yìí mọ nǹkan kan. Mo wé e sínú láílọ́nù, mo tọ́jú rẹ̀ fún ẹ̀rí.

Mo pè ọ́ kí n lè gbọ́ tẹnu rẹ, obìnrin kan ló gbé e, òun náà ní sọ́rì! Mo bi í pé kí lẹ jọ ṣe sí mi, ó kàn ń tún Òyìnbó kan náà sọ ṣáá. Mo dé ọ̀dọ̀ Afeez oní-POS, ó ní Màmá, sọ́rì, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ní kó jẹ́wọ́ ibi tó gbé e sí. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ni mo bá ní kí Ràímì, tó bá já iṣu ní Mile 12 tán, kó yà sọ́dọ̀ rẹ láìsọ tẹ́lẹ̀, kó wò ọ́ bóyá ojú ẹlẹ́bi lo ní.

Kó tó dé, Tíṣà ránṣẹ́ pè mí. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó ní òun ò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí tán. Ó ní láyé àtijọ́, inú ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó fi ń pe egbò àti ìrora ni sọ́rì ti jáde, pé ẹni tó bá sọ ọ́ ń wí pé ó ń dun òun, bí àwa ṣe ń kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ pé pẹ̀lẹ́, kì í ṣe pé àwa la gbé òkúta síbẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń fi tọrọ àforíjì. Mo bi í bóyá ó ń gbè ọ́ ni, torí òun ló kọ́ ọ níwèé. Ó ní kí n wo ìwé náà fúnra mi. Òyìnbó ni, n ò gbọ́, ṣùgbọ́n mo wò ó dáadáa.

Ọjọ́bọ̀ ni Ràímì dé, kò lè wojú mi. Ó ní orí ẹní lòun bá ọ. Ó ní wọ́n já apẹ̀rẹ̀ tòmátì lé ọ lẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tí èmi ṣubú gan-an, pé Nimat ará ilé rẹ ló ń bá ọ tajà, pé o sì bẹ òun kí òun má sọ fún mi. Nusirat, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún. Ẹni tó ní egbò lẹ́sẹ̀ ló ń kí mi kú ẹsẹ̀, èmi ń kó bàtà pamọ́ de ẹjọ́ rẹ̀.

Láti òní lọ, tó o bá ní ara rẹ le, n ò ní í gbà gbọ́ àfi tí mo bá fojú rí i. Fi owó mọ́tò rán Ràímì tó mú ìwé yìí wá, má fi sínú ẹ̀rọ Afeez, n ò tíì fọkàn tán an. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ká jọ máa tiro ní Ìkòsì. Jẹ́ kí dókítà wo ẹsẹ̀ náà kí n tó dé.

Ẹsẹ̀ rẹ ò ní í kọ ìrìn, ọjà rẹ ò ní í bàjẹ́ lórí àtẹ, ọmọ tìrẹ náà yóò tọ́jú rẹ. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Yorùbá ni mo sọ yẹn, kò sí tíṣà tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àpínkẹ́.