Obì Tí Ẹṣin Kàbírù Jẹ

                                        Ilé Rodiat,
                                        Al Khan, Sharjah.
                                        21 Oṣù Kẹrin, 1997.

Kàfáyàt, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú ilé o. Ara ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa? Ṣé òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrin? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí nípò. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ kà á.

O mọ bí mo ṣe ń fi Kàbírù ọmọ Rodiat yangàn ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa, pé ọmọ-ọmọ mi ń tọ́jú ẹṣin eré sísá ní Dùbáì. Eré ẹṣin tó tóbi jù níbẹ̀, ọdún tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Ẹṣin Amẹ́ríkà kan ló gba ti àkọ́kọ́, Kàbírù sì ní kò sí eré ẹṣin mìíràn láyé tí ẹ̀bùn rẹ̀ pọ̀ tó o. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù tó kọjá ló yẹ kí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wáyé. Àfi bí òjò ṣe rọ̀ nínú aṣálẹ̀, tí omi kún pápá, tí wọ́n sún gbogbo rẹ̀ di Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni mo balẹ̀, pẹ̀lú obì nínú àpò mi. Ká ní òjò ò rọ̀ ni, eré ì bá ti parí kí n tó dé. Kàbírù wá kí mi, mo bu obì fún un, mo sì sọ fún un pé bàbá wa kì í dá obì jẹ lójú ẹṣin rẹ̀. Bó bá ti gé e, ẹṣin a gba tirẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ràn. Ó ń bá ẹṣin tó ń tọ́jú pín in títí di ọjọ́ tó ṣáájú eré.

Ẹṣin náà gba ipò kìíní nínú ọ̀kan lára àwọn eré kéékèèké tó ṣáájú eré ńlá. Mo wà níbẹ̀, mo jó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní àwọn rí oògùn tó ń lé oorun lọ nínú ìtọ̀ ẹṣin, irú èyí tó wà nínú kọfí àti nínú obì. Wọ́n gba ipò kìíní padà. Ọ̀gá Kàbírù kò pariwo. “Khalas” nìkan ló sọ, pé ó parí, ó sì ní kí wọ́n fagi lé fisà ọmọ náà.

Rodiat ní, “Màámi, ìlú tí dàbínù kún yìí, obì lẹ rí fún ẹṣin?” Mo ní kí n lọ bá ọ̀gá náà, kí n jẹ́wọ́ pé èmi ni mo mú obì wá.

Kàbírù ní, “Ìyá àgbà, ẹ fi sílẹ̀. Mo ti ní èmi ni mo rà á lọ́jà Deira. Fisà màámi ni wọ́n fi mú yín wọlé. N kò fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ọjọ́ Ẹtì ni yóò wọ bàálù padà sílé. Kò sí ilé ẹṣin tí yóò tún gbà á níbí. Jọ̀wọ́, má kó èèyàn jọ láti pàdé rẹ̀, má sì jẹ́ kí wọ́n bi í léèrè ẹṣin.

Bá mi kí Raliat àti gbogbo ará kíláàsì. Bí wọ́n bá béèrè mi, sọ pé mò ń sinmi.

Kàfáyàt, ọmọ yìí kò bínú sí mi. Láràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, tó ń béèrè bóyá mo sùn dáadáa, tó ń bu tíì fún mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí díẹ̀.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò mọ ohun tí yóò ṣe,

Àwáwù