Ẹ Kò Jẹ Búrẹ́dì Náà

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Ẹ káàárọ̀ o. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dáhùn, ṣùgbọ́n mi ò lè bẹ̀rẹ̀ láì kí yín. Ara Màmá le. Òrùlé ilé wa ní Ẹ̀gán tó ń jò, a ti tún un ṣe. Ìgò oògùn oorun yín ṣì wà lójú fèrèsé níbi tí ẹ gbé e sí. Ọ̀rọ̀ ìgò yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé, ojú sì ń tì mí.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi po fìláwà lóru ní béékìrì Ìpájà, ọ̀sán lẹ fi ń sùn. Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, oorun alẹ́ kọ̀ jálẹ̀, kò wá. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, ẹ ó máa rìn káàkiri pálọ̀, ẹ ó máa to bàtà gbogbo wa sí ìlà bí ẹni ń to búrẹ́dì. A máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ojú yín ti ń jìn wọnú, ìtọ̀ ṣúgà sì wà lára yín tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni Bùọ̀dá Múfú, ẹ̀gbọ́n mi, fi melatóníìnì ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ohun tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kí oorun lè kun èèyàn, ló wà nínú hóró yẹn. Wọ́n ní orí àtẹ ni wọ́n ti ń rà á lọ́dọ̀ àwọn. Kí ló fẹ́ burú níbẹ̀?

Èmi ni mo wá fi òfin tèmi kún un. Ẹ kì í fẹ́ jẹun tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Mo ní rárá o, a kì í fi ikùn òfìfo lo oògùn. Ṣebí bí ẹ̀yin náà ṣe tọ́ mi nìyẹn nígbàkígbà tí ibà bá ń ṣe mí? Màá po ẹ̀kọ gbígbóná, abọ́ ńlá, màá dúró tì yín títí ẹ fi máa mu ún tán, kí n tó fi hóró kan lé yín lọ́wọ́. Ẹ ó fọwọ́ ra ikùn, ẹ ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ sì ń sùn lóòótọ́. Mo ń yangàn fún àwọn oníbàárà mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Ìgàndó pé mo ti rí ojútùú sí ọ̀rọ̀ oorun bàbá mi.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀, tí mo bá gún ìka yín láti wọn ṣúgà, á ti ròkè. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń lọ sókè ṣáá. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi kún oògùn yín, kò dáwọ́ dúró. Dókítà bi mí ohun tí ẹ ń lò. Mi ò dárúkọ melatóníìnì, mo ní ohun oorun lásán kì í ṣe oògùn. Ẹ wo agọ̀ ọmọ yín, bàbá mi. Nídìí abọ́ ẹ̀kọ, oògùn ni. Níwájú dókítà, kì í ṣe oògùn mọ́.

Mo wá ní mo ti mọ ibi tí ṣúgà ti ń wọlé. Tí ẹ bá ti kí ìrun Jímọ̀ tán, ẹ máa ń yà kí àwọn ẹgbẹ́ yín ní béékìrì. Mo tú àpò ṣòkòtò yín níwájú Màmá, mo sì rí èérún búrẹ́dì níbẹ̀. Ẹ wò mí lójú, ẹ ní, “Mi ò jẹ búrẹ́dì, ọmọ mi.” Mo pòṣé. Sí bàbá mi! Mo ní ẹ ò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀ mọ́. Látìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ ń jókòó síwájú ilé, fìlà lórí, tí ẹ ò lọ síbì kankan.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ṣúgà pọ̀ débi pé ẹ ò mọ ẹni tó ń pè yín mọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ẹ lajú lẹ́ẹ̀kan, ẹ rí mi, ẹ tún ní, “Mi ò jẹ búrẹ́dì o.” Mo ní kí ẹ máa sinmi. Mo tún fa aṣọ bò yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń retí lẹ́nu mi kọ́ nìyẹn, àbí? Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti lọ.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Bàbá Síkírù tí ẹ jọ ń po fìláwà wá kí wa. Wọ́n ní tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn, ẹ máa ń mú búrẹ́dì gbígbóná, ẹ ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ ó gbóòórùn ẹ̀, ẹ ó dá a padà. Wọ́n ní ẹ ò fi kan ẹnu rí, pé ẹ ní wàhálà ọmọ yín ò gbọdọ̀ já sí asán.

Mo gbé ìgò náà lọ bá obìnrin apòògùn kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ní nígbà tí ohun oorun yẹn bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ara àwọn kan máa ń dín ínsúlíìnì kù, ínsúlíìnì tó yẹ kó kó ṣúgà oúnjẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, kò dáa kéèyàn lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn o, pé ti àwọn mìíràn kì í yí padà rárá, àti pé àìsàn náà lè ròkè fúnra ẹ̀. Mo bi í bóyá abọ́ ẹ̀kọ mi ló pa bàbá mi. Ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́.

Bàbá mi, ta ni kí n tún bi? Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n níbi tí ẹ wà? Mo ti gbé ìgò yẹn lẹ́ẹ̀mejì pé kí n lọ dà á nù, mo tún dá a padà sójú fèrèsé. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe sí i.

Lánàá tó jẹ́ Jímọ̀, mo lọ sí béékìrì. Wọ́n mú búrẹ́dì gbígbóná fún mi. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bíi tiyín, mo gbóòórùn ẹ̀, mo dá a padà, mi ò fi kan ẹnu. Nígbà tí mo délé tí mo ń wá kọ́kọ́rọ́, mo ti ọwọ́ bọ àpò, èérún tó lẹ̀ mọ́ ìka mi ti já síbẹ̀.

Ẹ kò jẹ ẹ́, bàbá mi. Mo gbà yín gbọ́.

Ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ lẹ́nu ẹ̀.