Bọ́tìnnì Mẹ́tàdínlógún

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, tíṣà àwọn ọmọ ọlọ́mọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ariwo àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ò tíì gba ohùn mọ́ ọ lọ́fun? Àwa náà wà bí Ọlọ́run ṣe fẹ́. Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ lójú ọ̀nà, yóò máa mú ọ padà sílé láyọ̀. Àbúrò rẹ ọkùnrin kí ọ, ó ṣì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kò sì tíì láya. Òjò jò wọ yàrá tí mo ti ń ránṣọ, ṣùgbọ́n kò kan ẹ̀rọ, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì tí o kọ sí wa ni mo fẹ́ fèsì sí. Nígbà tí mo kà á pé wọ́n ní kí ìwọ, tíṣà ọdún mẹ́rìnlá, lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ, àyà mi já. Mo rò pé wọ́n ti dá ọ padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ ti rán yúnífọ́ọ̀mù fún ọ, mo fi ínṣì mẹ́rin kún ìdí ẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó lé ọ, pé ṣe ni tíṣà ń kọ́ iṣẹ́ kún iṣẹ́, bí òun náà ṣe lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún kẹ̀kẹ́ oníná ṣe. Yúnífọ́ọ̀mù náà wà nínú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́, kí aṣọ má ṣòfò.

Ṣùgbọ́n o ní o fẹ́ fi kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀, pé ẹni tó ń kọ́ yín kéré sí ọ, pé ojú ń tì ọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá yín sì ti sọ pé ẹni tí kò bá parí ẹ̀ kò ní dúró níwájú kíláàsì mọ́ ní táàmù tó ń bọ̀. Ọmọ mi, ní sùúrù ná, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí fún ọ.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù àbúrò rẹ, pé kí a wá wo ohun tí ojú rẹ ń rí, Sátidé la wò ó. Mo kọ́kọ́ gbálẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ, nítorí n kò mọ ibi tí ojú obìnrin tó ń kọ́ yín yẹn máa dé. Bó ṣe yọ ló kí wa, èmi náà kúnlẹ̀ kí i, mo lè bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ ọmọ mi ni. Ó bi mí pé kí lèèyàn ń ṣe bí ọmọ kò bá dáhùn ìbéèrè, ó wá dákẹ́, ó ń wò mí. Mo ní kí wọ́n fún un lómi mu. Ó mi orí. Àbúrò rẹ ní kò gbọ́ mi, àmọ́ èmi ni mo rí i tó mi orí.

Ó wá ní bí tíṣà bá ti béèrè nǹkan tán, kó pa ẹnu dé, kó máa ka ení, èjì nínú ọkàn ẹ̀, kó má pe ẹlòmíràn, kó má sì fi ìdáhùn sí ọmọ náà lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn kan ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ kó tó dé ẹnu. Ó ní kí kálukú dán an wò pẹ̀lú ẹni tó jókòó tì í. Ta ló sì jókòó tì mí bí kò ṣe bàbá rẹ?

O mọ̀ pé látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n lọ́dún tó kọjá, wọn ò sọ̀rọ̀. Dókítà ní ó lè padà, a retí títí. Bí àlejò bá bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, èmi ni mò ń dáhùn pé wọ́n ti jẹ. Bó bá ní ẹsẹ̀ ńkọ́, màá ní ó ti ń fúyẹ́. Mo ti di ẹnu wọn tán, mo sì rò pé ìfẹ́ ni.

Mo gbé agolo bọ́tìnnì mi lé itan, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fẹ́, mo wá ń kó bọ́tìnnì sínú àwo lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di márùn-ún, ẹnu ti ń yún mi. Nígbà tó di mẹ́wàá, àbúrò rẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó di mẹ́rìnlá, ètè bàbá rẹ ń gbọ̀n, omi ti kún ojú mi, mo fẹ́ ní kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú. Lórí ìkẹtàdínlógún, ọmọ mi, bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Ó wúwo, ó ń já lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohùn wọn ni. Wọ́n ní kí n ṣí fèrèsé.

Fèrèsé o! Ooru ti ń mú wọn láti ọdún kan, èmi sì ń tì í pa, pé kí òtútù má mú wọn. Mo sunkún bí ọmọdé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún ní iyọ̀ ọbẹ̀ mi ti ń pọ̀ jù, n kò sì bínú.

A ti bá ọ kọ fọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn fídíò yẹn. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí a máa yí padà, mo ní ẹnu mi. Níbi tí wọ́n ti ní kí a sọ̀rọ̀ nípa olùkọ́, mo ní ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé, kó sì jọ̀ọ́ sọ fún wa bó bá ti lọ́kọ, nítorí mo ní ọmọkùnrin kan níbí tó mọ kẹ̀kẹ́ tún ṣe.

Má fi kọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀, mo bẹ̀ ọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó lè jẹ́ pé ọmọ kan wà ní kíláàsì rẹ tí gbogbo yín ti gbà pé kò mọ nǹkan kan, kó sì jẹ́ pé ẹ ò dúró dè é ni.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Fi owó káàdì fóònù ránṣẹ́ sí wa, kí o sì ra púpọ̀ sórí tìrẹ. Mo bi ẹni tó ń ta káàdì bóyá wọ́n ń gbowó ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó ní iye kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ni. Mo ní ìrẹ́jẹ nìyẹn, ó ní òun kọ́ ló ni fóònù.

Ọlọ́run yóò lé ìtìjú jìnnà sí ọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, àwọn ọmọ tí o ń kọ́ yóò fi rere rántí rẹ. Bàbá rẹ ní àwọn ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn fẹ́ bá ọ sọ nípa kọ́ọ̀sì yìí, wọ́n kọ̀, wọn ò sọ ọ́ fún mi. Bó o bá pè ní Sọ́ńdè, bi wọ́n léèrè, kí o sì dákẹ́. Bó o bá ń gbọ́ èémí nìkan, má rò pé fóònù ti já, má gé e. Wọ́n ń bọ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.